Ẹnu Ọ̀nà Ti Fẹ̀, Ìtẹ́ Ńkọ́?

Láti oṣù January ni ìbéèrè kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ló bi mí, kò sì mọ̀ pé nǹkan tó wúwo lòun gbé kalẹ̀ yẹn. Alẹ́ 19 January 2026 ni, alẹ́ tí Indiana na Miami 27-21, tí wọ́n sì gba ife bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbá a. Ìlú Indianapolis la fi ṣe ibùgbé. Hóònù ọkọ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa sọ̀rọ̀ ládùúgbò. Èmi náà dìde dúró, mo ń nàka sí tẹlifíṣọ̀n: "Ṣé o rí i? Ohun tí mo ti ń wí nìyẹn! Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ikọ̀ 12, ẹni tí kò gba ife rí sì wọlé wá gbé e."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. Ó ní, "Dádì, ká ní ikọ̀ 2 péré ni wọ́n mú bíi ti àtijọ́, ṣé Indiana ò ní sí níbẹ̀ ni?"

Mo rọra gbé ọwọ́ mi wálẹ̀. N ò rí èsì fún un. Tẹ́lẹ̀, ikọ̀ 2 tó wà lókè jù ni wọ́n ń mú kí wọ́n jọ du ife náà; ó di 4 ní sáà 2014, ó di 12 ní sáà 2024, ìdíje tí wọ́n ti ń lé ara wọn jáde yìí ni wọ́n ń pè ní playoff. Kí playoff tó bẹ̀rẹ̀, ipò kìíní ni Indiana wà. Wọ́n ti gbá eré 13, wọn ò pàdánù ọ̀kan. Ní 6 December, nínú ìlú wa níbí gan-an, ní Lucas Oil Stadium, wọ́n fàgbà han Ohio State 13-10, Ohio State yẹn náà ló sì wà ní ipò kejì. Ká ní ikọ̀ 2 ni wọ́n mú, Indiana á wà níbẹ̀. Ká ní 4 ni, wọ́n á wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ikọ̀ 12 ṣe fún wọn ni pé ó sọ eré kan di mẹ́ta mọ́ wọn lọ́wọ́: Alabama, Oregon, kó tó wá kan Miami.

Ìyẹn ni pé ọdún méjì gbáko ni mo fi ń jà fún nǹkan kan, tí mo ń fi ìdí tí kò jẹ́ tirẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di ẹni tó ń pariwo ikọ̀ 12 kiri. 3 December 2023 ni, ọjọ́ Ìsinmi. A ti parí ìsìn, a wà ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, àwọn ìyá ń bu ìrẹsì fún èrò. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa, tí ọmọbìnrin wọn ń kàwé ní Tallahassee, fi fóònù wọn ti ìgò omi lórí tábìlì, wọ́n dé fìlà Florida State mọ́ agbádá. Àwa bíi mẹ́fà la rọ̀gbà yí fóònù yẹn ká. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kéde ikọ̀ 4 tó máa wọ playoff.

Ọkàn Ẹ̀gbọ́n balẹ̀. Ta ni ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀? Eré 13 ni Florida State gbá, 13 ni wọ́n borí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n na Louisville 16-6, tí wọ́n gba ife ACC, kọ́ńfárẹ́ǹsì wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó jọ ń bá ara wọn gbá. Òótọ́ ni pé Jordan Travis, quarterback wọn (ẹni tó ń darí eré, tó ń ju bọ́ọ̀lù), ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní 18 November, tó jẹ́ pé ọmọdé tó jẹ́ ìkẹta lórí ìlà ló gbá eré Louisville yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣáà borí. Kí ni ó tún kù tí èèyàn ń fẹ́ kí ikọ̀ kan ṣe?

Wọ́n pe Michigan. Wọ́n pe Washington. Wọ́n pe Texas. Ẹ̀gbọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. Wọ́n wá pe Alabama, tí Texas ti nà 34-24 nínú ilé ara rẹ̀ ní September.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n nawọ́, wọ́n da fóònù dojú dé lórí tábìlì, wọ́n tẹ́ ọwọ́ lé e bí ẹni tó ń pa ojú òkú dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Àbúrò, wọ́n ti bá àwọn ọmọ yẹn gbá bọ́ọ̀lù tí wọn ò tíì gbá, wọ́n sì ti ní wọ́n pàdánù."

N ò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwíjàre ìgbìmọ̀ ni pé láìsí Travis, ikọ̀ yẹn kì í ṣe ikọ̀ tí wọ́n rí ní ọ̀sẹ̀ 11 àkọ́kọ́ mọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Travis fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ì bá wu òun kí ẹsẹ̀ òun ti tètè ṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, kí gbogbo ayé lè rí i pé ikọ̀ yẹn ju òun nìkan lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ọlọ́mọ sọ: ó ń fẹ́ kí eegun òun ti ṣẹ́ ṣáájú, kí wọ́n má bàa fi ìyà jẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ti ọjọ́ yẹn tún burú ju ìyẹn lọ, torí wọn ò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí wọ́n tó dá a. Orí pápá ni wọ́n ti ń rojọ́ bọ́ọ̀lù, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n dé orí pápá.

Àwọn kan á ní ṣebí Georgia nà wọ́n 63-3 ní Orange Bowl, ọ̀kan nínú àwọn eré ìparí sáà, lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ògbóǹtarìgì wọn ni kò bá wọn gbá eré yẹn. Ọkàn àwọn tó kù sì ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti lé kúrò ní ilé àsè, ẹ má fi bó ṣe jẹun lójú títì díwọ̀n ìwà rẹ̀.

Àtọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n fẹ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé 12 ní sáà 2024, mo yọ̀. Ṣùgbọ́n mo wá ń fi nǹkan kejì kún un láìmọ̀: mo ń sọ pé tí ọ̀nà bá fẹ̀, àwọn tó ń gba ife náà á pọ̀ sí i. Nǹkan méjì yẹn jọ ara wọn bí ìbejì. Wọn kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ẹ̀yìn àpòòwé owó iná

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Indiana gba ife, mo pe ọmọ mi jókòó nínú kíṣìnnì. Mo mú àpòòwé tí wọ́n fi kó bíìlì iná wá, mo yí i sẹ́yìn, mo fa ìlà sí i láàárín. Lápá òsì, ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé ikọ̀ 2 péré ni wọ́n ń mú, láti sáà 1998 dé 2007. Lápá ọ̀tún, ọdún mẹ́wàá ikọ̀ 4, láti 2014 dé 2023. Mo ní kó máa pe orúkọ wọn kí n máa kọ.

Apá òsì: Tennessee, Florida State, Oklahoma, Miami, Ohio State, LSU, USC (tí wọ́n padà fagi lé tirẹ̀), Texas, Florida, LSU lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ 9 nínú ọdún 10.

Apá ọ̀tún: Ohio State, Alabama, Clemson, Alabama, Clemson, LSU, Alabama, Georgia, Georgia, Michigan. Orúkọ 6.

Mo tún un kà. Mo rò pé mo fo ọ̀kan ni. N ò fo ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀nà há tó jẹ́ pé ẹni méjì ló ń gbabẹ̀, oríṣiríṣi èèyàn ló ń gba ife. Nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà di ìlọ́po méjì, àwọn kan náà ló ń gbà á lọ síwá sẹ́yìn.

Kí n má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: kì í ṣe fífẹ̀ ọ̀nà ló fa ìyẹn náà. Ikọ̀ 2 ni wọ́n ṣì ń mú nígbà tí Alabama ti ń gbà á léraléra, 2009, 2011, 2012. Nick Saban, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, ti dé ibẹ̀ láti 2007, ó sì ti ń kó àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama jọ sí ojú kan. Ọmọ ọdún 17 tó bá fẹ́ kí àwọn òbí òun rí òun lórí tẹlifíṣọ̀n ní January, ibi tí January ti dájú ló máa lọ. Nínú ọdún 10 ikọ̀ 4, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Alabama wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Clemson, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Ohio State. Àyè 40 ni gbogbo rẹ̀, àwọn mẹ́ta yìí nìkan sì gba 19. Òṣùwọ̀n lásán ni playoff. Òṣùwọ̀n ò lè mú ewúrẹ́ sanra, ìwọ̀n tó gbé wá láti ilé ló máa kà.

Ibi tí fífẹ̀ ọ̀nà ti ṣiṣẹ́ hàn kedere tí a bá ka àwọn tó wọlé dípò àwọn tó gba ife. Ikọ̀ 15 péré ló tọ́ playoff wò nínú ọdún 10 ikọ̀ 4. Nínú ọdún méjì péré ti ikọ̀ 12, ikọ̀ 20 ti tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo sọ iye yẹn, ọmọ mi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó tún un kà fúnra rẹ̀. Oregon, Georgia, Ohio State àti Indiana nìkan ló wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ta ló wá gbé Indiana dé ibẹ̀?

Ní sáà 2023, eré 3 péré ni Indiana borí, wọ́n pàdánù 9. Àwọn ará ibí tí wọ́n ń lọ wò wọ́n nígbà náà, ìfẹ́ ilé ìwé wọn ni wọ́n ń bá lọ, kì í ṣe pé wọ́n ń retí ohun rere. Wọ́n gba akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, Curt Cignetti, láti yunifásítì James Madison, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbá fún un níbẹ̀ sì bá a wá. Kí sáà 2025 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú quarterback kan, Fernando Mendoza, láti yunifásítì California. Lálẹ́ àṣekágbá, ní ìlú Miami tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìgbìyànjú kẹrin, tó jẹ́ ìkẹyìn kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, dé, wọn ò gba góòlù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ gbá. Ọmọ náà gbé bọ́ọ̀lù sáré fúnra rẹ̀ ní yáàdì 12, wọ́n ń gbá a, ó ń yí, títí ó fi fò wọ inú ilé. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde láti yàrá.

Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá fi yunifásítì kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn ní láti jókòó fún ọdún kan kó tó gbá. Láti 2021, wọ́n mú ìyẹn kúrò. July ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbà kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ àti ìrísí wọn pawó. Ní June 2025, adájọ́ fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì máa san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó má ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ ní ọdún àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni àga ti mì. Ọmọ tó ì bá jókòó ní Tuscaloosa lọ́dọ̀ Alabama fún ọdún mẹ́ta, tó ń dúró de ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kó ṣẹ́, ó lè di ẹrù rẹ̀ kó lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀.

Nínú ilé tiwa, orúkọ kan ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fetí sí ọ̀rọ̀ yìí. Olusegun Oluwatimi. Ní 2022, mo ń gbọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń gbìyànjú láti pe orúkọ náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Virginia ló ti ń gbá tẹ́lẹ̀, ó kó lọ sí Michigan, ọdún kan ṣoṣo tó lò níbẹ̀ ló sì fi gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn tó dára jù nínú àwọn tó ń gbá ní ìlà iwájú. Michigan ò gba ife lọ́dún yẹn, TCU lé wọn jáde 51-45. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ọmọ kan lè dà nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kó rìn.

Torí náà, èsì tí n bá fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé: ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó tú sílẹ̀ ló sọ Indiana di ọba. Ọ̀tọ̀ ni iye ilẹ̀kùn.

Ẹ tún wo ẹni tí ikọ̀ 12 gbé ga ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ohio State ni. Ohio State tí Michigan nà 13-10 nínú ilé ara wọn ní 30 November 2024. Lábẹ́ ikọ̀ 4, ilé ni wọ́n ì bá wà. Ikọ̀ 12 fún wọn ní ẹ̀mí kejì, wọ́n wọlé ní ipò kẹjọ, wọ́n na Tennessee, Oregon, Texas àti Notre Dame. Ẹni tí ọ̀nà gbígbòòrò kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́ láti gba ife, olówó àtijọ́ ni.

Ẹjọ́ Oregon

Oregon ni mo kẹ́dùn fún jù nínú ìyẹn. Ní October wọ́n na Ohio State 32-31. Wọ́n parí sáà láìpàdánù, 13-0, ipò kìíní. Òfin ọdún yẹn ní kí àwọn tó gba ife kọ́ńfárẹ́ǹsì gba ipò mẹ́rin àkọ́kọ́, èyí ló sọ Boise State di ìkẹta, tó sọ Arizona State di ìkẹrin, tó sì ti àwọn ikọ̀ líle sísàlẹ̀ sọ́dọ̀ Oregon. Ohio State kan náà ni wọ́n pàdé ní Rose Bowl, 41-21, ó parí. Gbogbo àwọn mẹ́rin tí wọ́n fún láyè láti sinmi ni wọ́n lé jáde nínú eré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá. Wọ́n yí òfin yẹn padà ní ọdún kejì, ó sì tọ́.

N ò lè sọ pé wọ́n rẹ́ Oregon jẹ bí wọ́n ṣe rẹ́ Florida State jẹ. Oregon dé orí pápá. Wọ́n rojọ́, wọ́n jẹ̀bi. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn gbá a.

Àwọn tí wọ́n ra olùkọ́ wọn kí àsè tó bẹ̀rẹ̀

Ohun tó ń bí mi nínú jù báyìí, tí n ò rí ẹni tó ń sọ ọ́ tó, ni ti àwọn kéékèèké. Ní sáà 2025, Tulane wọlé ní ipò 11, James Madison ní ipò 12. Inú mi dùn. Ní 1998, ọdún àkọ́kọ́ ikọ̀ 2, Tulane borí gbogbo eré rẹ̀, 12-0, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ wo ibi tó wà, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sì ti kó lọ sí Clemson kí wọ́n tó gbá eré tó kẹ́yìn. Ọdún 27 ni wọ́n fi dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí.

Ọjọ́ tí wọ́n sì máa wọlé, nǹkan kan náà ni. Kí playoff tó bẹ̀rẹ̀, Florida ti gba akọ́nimọ̀ọ́gbá Tulane, UCLA ti gba ti James Madison. Àwọn méjèèjì dúró ti àwọn ọmọ wọn títí eré fi parí, mo kí wọn fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ti wà níta. Ole Miss na Tulane 41-10, Oregon na James Madison 51-34. Ẹ má sì gbàgbé ibi tí Indiana ti rí Cignetti. James Madison kan náà ni. Oko kan náà ni wọ́n ń ká láti ọdún dé ọdún, àwọn tó ni oko náà ló ń jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì.

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ 16 báyìí, àwọn mìíràn ń sọ 24. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú 24, ikọ̀ olówó tó pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa kún inú àyè 12 tó ṣẹ́kù yẹn. Wọn ò ní gbé e fún Tulane. 12 tó lójú tèmi. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí orúkọ tuntun máa jáde lóòótọ́, kó lọ wo bí owó àti olùkọ́ ṣe ń rìn, kó yéé fi iye àga tan wá.

Apá kẹta

Nígbà tí mo fẹ́ sọ àpòòwé náà nù, ọmọ mi dá mi dúró. Ó fa ìlà kẹta sí etí rẹ̀ níbi tó há. Ó ní, "Dádì, ẹ ò kọ àwọn tí wọn ò mú." Ó ní àwọn tí kò tíì pàdánù lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan èèyàn, tí wọ́n sì fi sílẹ̀, lòun ń wí.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn tó wá sí wa lọ́kàn. Tulane, 1998. Marshall, 1999. Auburn, 2004, láti inú SEC gan-an, kọ́ńfárẹ́ǹsì àwọn Alabama. Utah, 2004, lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2008. Boise State, 2006, tún 2009. TCU, 2010. UCF, 2017, tí wọ́n na Auburn ní Peach Bowl tí wọ́n sì lọ ṣe ayẹyẹ ife fúnra wọn. Ibi tí a fẹ́ kọ Florida State sí ti kún, ó wá kọ ọ́ ní ìdàbú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń lẹ sítáǹpù mọ́, tó tóbi ju àwọn tó kù lọ: 2023.

Ó wá kọ 2024 àti 2025 sábẹ́ rẹ̀. Ó gbé bírò dúró, ó ń wo ojú mi. N ò rí orúkọ kankan pè fún un.